Ẹ Bi Bàbá Ẹlẹ́rọ: Orin Ìdílé Lórí Fóònù

Orin inú ilé ló kún inú lẹ́tà oṣù yìí. Bàbá ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, ìyá ń lé orin, àwọn ọmọ ń gbè é, fóònù dúró lórí àpótí, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti dé orí Facebook. Mo mú mẹ́fà nínú àwọn lẹ́tà náà. Ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé béèrè iye tí wọ́n ń ta maikirofóònù, ẹ má bínú, owó ọjà á ti yí padà kí ìwé ìròyìn yìí tó dé ọwọ́ yín. Ẹ rìn dé ọjà Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn níbí fúnra yín.

Bàbá Ẹlẹ́rọ, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, èmi àtàwọn ọmọ wa mẹ́ta là ń kọrin. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sunday la máa ń ṣe é ní pálọ̀, ó sì máa ń dùn gan-an. Ṣùgbọ́n tá a bá wo fídíò rẹ̀, kíbọ́ọ̀dù nìkan là ń gbọ́. Ohùn àwọn ọmọ á jìnnà, á tún máa dún padà. Àbúrò ọkọ mi ní ká lọ ra kámẹ́rà gidi. Ṣé kámẹ́rà ni?
Ìyá Ìbejì, Apẹ̀tẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ dá owó kámẹ́rà yẹn padà sápò. Etí ló ń dun fídíò yín, ojú lẹ fẹ́ lọ ra oògùn fún. Èèyàn á fara da àwòrán tó ṣókùnkùn díẹ̀. Ohùn tí kò já gaara, kò ní gbọ́ ọ dé ẹsẹ kejì tó fi máa kọjá lọ síbòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí pálọ̀ yín ṣe rí, kí ẹ já mi tí mo bá parọ́. Táìsì wà nílẹ̀, gíláàsì wà lójú fèrèsé, ọ̀dà tó ń dán ni wọ́n fi kun ògiri, tẹlifíṣọ̀n ńlá sì wà lára rẹ̀. Ohùn ò ríbi wọ̀ sí níbẹ̀. Ó kúrò lẹ́nu ọmọ, ó lọ gbá ògiri, ó ta padà, ó tún lọ gbá èkejì, fóònù sì ń kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú yàrá ò ní mọ̀, torí etí èèyàn mọ bó ṣe ń ṣa ohùn ọmọ rẹ̀ láàrin ariwo. Fóònù ò mọ ọmọ ẹnikẹ́ni. Ẹ kó orin yín lọ sí yàrá tí ẹ ń sùn. Mátírẹ́ẹ̀sì, kọ́tìnì, aṣọ inú kọ́bọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀, gbogbo wọn ló ń gbé ohùn mì. Tí ẹ ò bá sì fẹ́ kí ayé rí bẹ́ẹ̀dì yín (mi ò dá yín lẹ́bi), ẹ dúró sí pálọ̀, kí ẹ fi búláńkẹ́ẹ̀tì méjì tó nípọn kọ́ ẹ̀yìn fóònù, níbi tí kámẹ́rà ò ti ní rí i, kí ẹ sì tẹ́ ẹní síbi tí àwọn ọmọ dúró sí.

Ó wá ku kíbọ́ọ̀dù. Ẹ bá mi sọ fún Bàbá Ìbejì kí wọ́n sún sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n sì máa dín ohùn rẹ̀ kù títí tí àwọn fúnra wọn á fi máa rò pé ó ti kéré jù. Ibẹ̀ gan-an ló ti tó. Wọ́n máa jiyàn. Kò sí atẹdùrù tí kì í jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, èmi náà ti bá wọn ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tó pọ̀. Kí fóònù sún mọ́ ọmọ tí ohùn rẹ̀ kéré jù, kí ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè bọ́ sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ méjì.

Ohun kan wà tí fóònù máa ń ṣe láìsọ fún ẹnikẹ́ni: fúnra rẹ̀ ló ń gbé ohùn sókè tó sì ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá lu ìlù gbàà lójijì, tàbí tí ọwọ́ le lórí kíbọ́ọ̀dù, fóònù á fa ohun gbogbo wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì máa pẹ́ díẹ̀ kó tó dá a padà. Ìdí nìyẹn tí ohùn àwọn ọmọ fi ń sọnù gẹ́rẹ́ tí ègbè bá wọlé. Tí ègbè yín bá lágbára, kí gbogbo yín tún sún sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pàtẹ́wọ́ nítòsí fóònù.

Ẹ pa fáànù. Tí iná bá lọ, ẹ má tan jẹnẹrétọ̀; ẹ ṣe é ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lẹ́bàá fèrèsé, kí ojú yín kọ ìmọ́lẹ̀. Tí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, ẹ jẹ́ kó dá. Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ di ojú, kí ẹ gbọ́ ọ tán láìwo àwòrán. Tó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló máa bá yín gbé e sórí Facebook, ẹ má fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí ẹ ṣe ń fi fídíò lásán ránṣẹ́, torí WhatsApp á fún un kéré, á sì ba ohùn jẹ́. Document ni kí ẹ tẹ̀ níbẹ̀, kó lè dé ọ̀dọ̀ onítọ̀hún bó ṣe kúrò lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀yin Bàbá, ọmọ Àyàn ni wá. Bàbá wa ń lu ìyáàlù, èmi ń lu gúdúgúdú. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń lu kẹríkẹrì wà ní Houston, àbúrò wa tó ń lu ìṣáájú wà ní Dublin, àwọn méjèèjì sì mú ìlù lọ. Bàbá fẹ́ pé ọgọ́rin ọdún, a ní ká jọ lù ú fún wọn lórí fídíò WhatsApp. Ó dàrú pátápátá. Ẹ̀gbọ́n mi ní etí mi ti kú, èmi náà ní òtútù ti gba ọwọ́ rẹ̀. A ò tíì sọ̀rọ̀ látìgbà náà. Ta ló jẹ̀bi?
Ọmọ Àyàn, Mọ́níyà

Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi nínú yín. Ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín kí ẹ bẹ̀ wọ́n, lẹ́yìn náà kí ẹ wá ka ìyókù.

Ohùn tó ń gba inú afẹ́fẹ́ máa ń rin nǹkan bíi 340 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí mítà mẹ́wàá bá wà láàrin yín nínú àgbàlá, ìlù yín á dé etí ẹ̀gbọ́n yín lẹ́yìn 0.03 ìṣẹ́jú àáyá. Ọwọ́ onílù ṣì lè bá ìyẹn mu, àmọ́ ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í nira. Ẹ wá wo ti Mọ́níyà sí Houston. Ohùn á wọ inú fóònù, á di nọ́ńbà, á gun òpó, á gba inú wáyà abẹ́ òkun lọ, kó tó tún padà di ohùn létí ẹ̀gbọ́n yín. Ìyẹn máa ń ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá lọ, ti àlọ nìkan nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n yín gbọ́ yín, wọ́n lù ú níbi tó yẹ gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí tiwọn bá fi máa padà dé etí yín, ẹ ti kọjá ibẹ̀. Ẹ rọra kí wọ́n lè bá yín. Àwọn náà gbọ́ pé ẹ rọra, wọ́n rọra. Báyìí ni ìlù ṣe ń falẹ̀ títí tó fi máa kú, tí kálukú á sì gbà pé ẹnì kejì ló pa á.

Èyí tó tún burú jù ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ ìpè fún. Ohùn èèyàn ló ń wá. Ohun yòówù tó bá ń dún gbà-gbà-gbà lẹ́yìn rẹ̀, ariwo ló kà á sí, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ rì. Tí ẹni méjì bá dún pa pọ̀, á gbé ẹnì kan sókè, á sì pa ẹnì kejì lẹ́nu mọ́. Ẹ̀rọ ò kúkú mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni dùndún ń sọ.

Nítorí náà, ẹ má jọ lù ú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ lù ú tẹ̀lé ara yín, kí ẹnì kan wá tò ó pọ̀. Ọ̀pọ̀ á ní kí Bàbá kọ́kọ́ lù nítorí ìyáàlù ni àgbà. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀. Ó lè dúró, ó lè sáré, ó lè já orin gbà lójijì kó yà síbòmíràn. Ẹni tó bá wà ní Dublin ò lè fi ìyẹn ka ẹsẹ̀. Gúdúgúdú ni ilẹ̀ tí gbogbo ìlù yòókù ń jó lé, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà sílẹ̀. Kí Bàbá jókòó tì yín láìmú ìlù dání, kí wọ́n máa fi ọwọ́ sọ fún yín ibi tí wọ́n fẹ́ dúró àti ibi tí wọ́n fẹ́ yí orin. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lu ẹyọ mẹ́ta tó dá dúró, kò, kò, kò, kí ẹ dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ tó wọ inú ìlù. Ẹ má gbàgbé ẹyọ mẹ́ta yẹn o, òun ni gbogbo nǹkan rọ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Bàbá á fi íápíìsì sí etí kan, tí wọ́n á máa gbọ́ gúdúgúdú yín nínú rẹ̀, fóònù kejì á sì máa ya fídíò wọn. Íápíìsì oníwáyà ni o, torí ti Bluetooth náà máa ń pẹ́ kó tó gbé ohùn dé etí. Nígbà tí ẹyọ mẹ́ta yẹn bá dún, kí Bàbá pàtẹ́wọ́ mẹ́ta bá a mu kí wọ́n tó mú kọ̀ǹgọ́. Ẹ so ohùn ẹ̀yin méjèèjì pọ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí Houston àti Dublin, kí àwọn náà ṣe bákan náà. Ẹni tó bá máa tò ó pọ̀ lórí CapCut, áàpù tí wọ́n fi ń to fídíò, tàbí lórí ohun mìíràn, ò nílò láti mọ ìlù rárá. Á kàn to àtẹ́wọ́ lé àtẹ́wọ́.

Ohun méjì kó tó tán lórí èyí. Ṣaworo yí etí ìyáàlù Bàbá ká, tí fóònù bá wà ní ẹ̀gbẹ́ ìlù, ṣaworo nìkan lẹ máa gbọ́, ọ̀rọ̀ á sì bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé fóònù síwájú, kó dojú kọ awọ tí kọ̀ǹgọ́ ń bà, kó jìnnà díẹ̀, kó sì ga ju ìlù lọ. Èkejì, Dublin tutù, ó sì lọ́rinrin. Awọ tó bá fa omi máa ń dẹ̀, ohùn rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀. Kí àbúrò yín gbé ìlù wọn síbi tó móoru ṣáájú, kí wọ́n sì fi ohùn rẹ̀ wé tiyín nínú íápíìsì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìṣáájú á máa wí tirẹ̀ lọ́tọ̀. Lọ́jọ́ ayẹyẹ, ẹ fi fídíò náà hàn lára ògiri, kí ẹ gbé ìyáàlù fún Bàbá, kí wọ́n lu ti ojúkojú lé e.

Èmi àti ọmọ mi ọkùnrin fi gìtá kọ èyí tí wọ́n kọ́ gbogbo wa nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pé iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. A tún kọ orin ìsìn àtijọ́ kan, a fi ìlù àti dùrù tá a rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbè é. YouTube wá kọ̀wé pé ohun tí ẹlòmíràn ni wà nínú fídíò orin ìsìn yẹn. Ṣé wọ́n lè mú wa? Ṣé orin gbogbo wa kọ́ ni méjèèjì ni?
Tíṣà, Ring Road

Kò sẹ́ni tó máa mú yín. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n yí i padà: èyí tẹ́ ẹ rò pé ó burú ò burú tó bẹ́ẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni ò sì bi yín lórí rẹ̀ ní oní-nǹkan. J. F. Ọdúnjọ, ẹni tó kọ Aláwìíyé, ló kọ ewì yẹn. Ó kú ní 1980. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ tí Nàìjíríà ṣe ní 2022 sọ pé ẹ̀tọ́ lórí ìwé àti orin ń wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tí ẹni tó kọ ọ́ kú. Ẹ ṣírò rẹ̀, ìparí 2050 ló máa bọ́ sí. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ fídíò yín ná. Tó bá sì di pé ẹ fẹ́ máa fi pawó, ẹ wá ẹni tí ẹ̀tọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ tọrọ.

Orin ìsìn yín lè ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, kó má ní oní-nǹkan mọ́. Ohun tí ẹ fi gbè é ló ní. Ẹnì kan jókòó, ó tẹ dùrù, ó gbà á sílẹ̀. Ohùn tó gbà sílẹ̀ yẹn, tirẹ̀ ni, 50 ọdún ni òfin wa fún un láti ọdún tó kọ́kọ́ gbé e jáde. Ẹ̀rọ kan wà ní YouTube tó ń fi ohùn wé ohùn, òun ló mú yín. Tó bá jẹ́ pé ohun tó kọ ni pé owó ìpolówó á máa lọ sọ́dọ̀ oní-nǹkan, kò ba ìkànnì yín jẹ́. Tí ẹ bá mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́, ẹ lè takò ó, ẹni tó fẹ̀sùn kàn yín sì ní 30 ọjọ́ láti fèsì. Èyí tó yẹ kí ẹ sá fún ni kí oní-nǹkan fúnra rẹ̀ kọ̀wé pé kí wọ́n yọ fídíò yín kúrò. Mẹ́ta irú rẹ̀ láàrin 90 ọjọ́, wọ́n lè ti ìkànnì yín pa. Gìtá wà nílé yín, ọmọ yín sì mọ̀ ọ́n ta. Kí lẹ ń wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Tí ẹ bá ń wá orin àtijọ́ tí ọ̀nà rẹ̀ mọ́, ẹ wo ti Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti. Ní 1922 ni ó kọ orin ìsìn ní èdè Yorùbá sínú àwo ní London fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Ó kú ní 1930, 70 ọdún ti kọjá lórí rẹ̀ tipẹ́. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni Fẹlá, Fẹ́mi àti Ṣeun jẹ́ ọmọ Fẹlá, Mádé jẹ́ ọmọ Fẹ́mi. Àwọn náà ò fi fóònù bẹ̀rẹ̀.

Ẹ káàárọ̀ sà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí. Dádì wa máa ń ya fídíò wa tá a bá ń kọrin níbi àdúrà alẹ́, wọ́n á gbé e sórí TikTok àti Facebook. Èyí tí mo ti wọ aṣọ tí mo fi ń sùn, tí mo ṣi orin kọ, tí mo wá ń sunkún, òun ni àwọn èèyàn wò jù. Orin yẹn ni wọ́n fi ń pè mí ní kíláàsì báyìí. Mo sọ fún Dádì, wọ́n ní ó ń bùkún àwọn èèyàn. Mi ò fẹ́ kọrin nílé mọ́. Ṣé àìgbọràn ni?
Ọmọ kan, Bódìjà

Ọmọ mi, kì í ṣe àìgbọràn. O sọ ọ́ fún Dádì fúnra rẹ, ìyẹn ló yẹ kí o ṣe, o sì ṣe é. Bí o bá ti ka ìpínrọ̀ yìí tán, fi ìwé ìròyìn yìí sílẹ̀ ní ṣíṣí síbi tí Dádì máa ń jókòó sí, kí o sì wá nǹkan mìíràn ṣe. Orin ò ṣẹ̀ ọ́. Máa kọ ọ́ níbi tí fóònù ò sí, nílé ìdáná, nínú balùwẹ̀, ibi tó bá wù ọ́. Àwọn tó ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì, tí o kò bá dáhùn, wọ́n á rí ẹlòmíràn.

Bàbá rẹ̀, ẹ kú àbójútó ilé. Mo mọ̀ pé ayọ̀ ló mú yín gbé e jáde. Ọmọ tó ń sunkún níbi orin máa ń wọ èèyàn lọ́kàn, ó sì lè wọ èmi náà lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó pẹ̀lú mi. Hubert Ògúńdé kó ìyàwó àtọmọ lọ sórí ìtàgé káàkiri ilẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó ní ó ṣe àìdáa. Kí ló dé? Wọ́n ti fi eré náà dánra wò. Wọ́n kun ojú, wọ́n wọ aṣọ eré, wọ́n mọ̀ pé èrò ń bẹ níwájú, tí kọ́tìnì bá sì ti bọ́ sílẹ̀, wọ́n padà di ara ilé. Ọmọ yín ò lọ sórí ìtàgé kankan. Ó dìde kúrò nídìí iṣẹ́ àṣetiléwá, ó wọ aṣọ tó fi ń sùn, ó wá gbàdúrà pẹ̀lú bàbá àti ìyá rẹ̀. Ìtàgé ló wá bá a níbi àdúrà. Ọmọ tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan á máa wo ọwọ́ yín tẹ́ ẹ bá ti ní kó wá gbàdúrà, bóyá fóònù wà níbẹ̀.

Òfin náà mọ̀ nípa rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 sọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara rẹ̀, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ti gbà á wọlé. Kò gba àṣẹ kúrò lọ́wọ́ òbí, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni pè yín lẹ́jọ́, àmọ́ ẹ mọ̀ pé ohun tí ọmọ yín ń béèrè kì í ṣe àfojúdi. Ẹ yọ fídíò yẹn kúrò lónìí. Àwọn tó ti gbé e sórí fóònù tiwọn, kò sóhun tẹ́ ẹ lè ṣe sí wọn mọ́, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó dúró di ọ̀la. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ yan ọjọ́ orin sọ́tọ̀ kúrò ní àkókò àdúrà, kí àwọn ọmọ mọ̀ ṣáájú, kí wọ́n wọ aṣọ tó wù wọ́n (kì í ṣe aṣọ ilé ìwé tí orúkọ ilé ìwé wà láyà rẹ̀), kí wọ́n wo fídíò náà kí ó tó jáde. Tí ọ̀kan bá ní rárá, kó má jáde. Bóyá ẹ tún lè gbé fóònù lé ọmọbìnrin yìí lọ́wọ́, kó jẹ́ òun ló ń ya yín. Ẹ ó rí i bí yóò ṣe rí lára yín nígbà tó bá gbé tiyín jáde níbi tẹ́ ẹ ti ṣi orin.

Èèyàn mélòó la gbọ́dọ̀ ní kí YouTube tó máa sanwó fún wa?
Bàbá Ṣadé, Challenge

Olùtẹ̀lé 1,000, pẹ̀lú 4,000 wákàtí tí àwọn èèyàn fi wo fídíò yín láàrin oṣù 12. Tàbí olùtẹ̀lé 1,000 yẹn kan náà, kí wọ́n sì wo fídíò kéékèèké yín tí wọ́n ń pè ní Shorts ní ìgbà mílíọ̀nù mẹ́wàá láàrin 90 ọjọ́. Tó bá jẹ́ pé àwọn ọmọdé lẹ ṣe é fún, YouTube ní dandan ni kí ẹ sàmì sí i bẹ́ẹ̀, wọ́n á ti ibi tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sí pa, owó ìpolówó rẹ̀ sì máa ń kéré. Ẹ má tíì kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Màmá wa àgbà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Àwọn ló máa ń ki oríkì ìdílé wa níbi ìsọmọlórúkọ, àwa ọmọ-ọmọ máa ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo sí i. A gbé ọ̀kan sórí Facebook, ó lọ dáadáa. Mọ́gàjí wa, olórí agbo ilé, ti wá ń bínú pé a kó ọ̀rọ̀ agbo ilé sí gbangba. Àwọn kan tún ń kọ èébú sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń fi eyín Màmá ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣé ká yọ ọ́ ni?
Ọmọ-ọmọ, Òjé

Èébú yẹn kọ́kọ́. Ẹ ṣe é kó jẹ́ kìkì ẹni tí ẹ mọ̀ ló lè kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fídíò náà. Ìṣẹ́jú kan ò ní tán nídìí rẹ̀. Ẹ má fún àwọn ọmọ náà lésì.

Ti Mọ́gàjí ló ṣòro, mo sì wà lẹ́yìn wọn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ tún fídíò yẹn gbọ́ dáadáa. Oríkì kì í sọ ìyìn nìkan. Ó ń sọ ẹni tó bá ta jagun, ìyàwó tí wọ́n gbé láti ibòmíràn wá, ẹni tó wọ agbo ilé gẹ́gẹ́ bí ẹrú tó wá di ọmọ. Níbi ìsọmọlórúkọ, àwọn tó wà níbẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Lórí Facebook, ọmọ agbo ilé kejì lè gé ẹyọ gbólóhùn kan jáde, kó fi ṣe ìjà oyè. Ìbàdàn yìí kan náà ni gbogbo wa ń gbé. Bẹ́ẹ̀ sì ni Màmá ń dárúkọ ìyá olúkúlùkù àti ilé tí ìyá náà ti wá, nígbà tó jẹ́ pé orúkọ ilé ìyá ẹni ni ọ̀pọ̀ báńkì máa ń béèrè láti fi mọ̀ bóyá ìwọ gan-an ni. Mi ò rí ẹni tó ń ro ìyẹn.

Ẹ lọ bá Mọ́gàjí pẹ̀lú Màmá, kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ jọ gbọ́ fídíò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibi tí wọ́n bá ní ẹ gé, ẹ gé e. Lẹ́tà yín ò sì sọ ohun tí Màmá fúnra wọn fẹ́ níbì kankan. Ẹ bi wọ́n, kì í ṣe níwájú àwọn èrò.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba odindi rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí kò ní dé orí Facebook láéláé. Ẹ má lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sí èyí. Ẹ gbé Màmá jókòó lẹ́bàá fèrèsé ní àárọ̀ nígbà tí ara wọn yá, kí fóònù sún mọ́ ẹnu wọn, kí wọ́n máa ki ẹni kọ̀ọ̀kan kí wọ́n sì sinmi. Kí ọ̀kan nínú yín tó gbọ́ ọ̀rọ̀ jókòó tì wọ́n, kí ó máa béèrè: ta ni yẹn? ibo ni wọ́n ti jà á? kí ló dé tí wọ́n fi pè é bẹ́ẹ̀? Àwọn ìdáhùn yẹn ṣe pàtàkì tó oríkì náà gan-an, torí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀yin ò ní lóye lẹ́yìn ọ̀la. Ẹ má jẹ́ kó gùn ju bí Màmá ṣe lè ṣe lọ. Ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ yí orúkọ fáìlì náà padà kúrò ní nọ́ńbà tí fóònù fún un, kí ẹ kọ orúkọ Màmá, orúkọ agbo ilé, ọjọ́ àti ọdún sí i. Ẹ fi sínú fláàṣì méjì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ yín, kí Mọ́gàjí mú èkejì. Ní ọdọọdún, ẹ so méjèèjì mọ́ kọ̀ǹpútà kí ẹ rí i pé wọ́n ṣì ń ṣí, torí fláàṣì máa ń kú láìsàìsàn.